Ìbàdàn, London, Amẹ́ríkà tàbí Pápá: Ìfiwéra Ọ̀nà Tí A Lè Gbà Kàwé Gboyè Nínú Ìmọ̀ Ìtànkálẹ̀ Àrùn

Ní ọdún 1992, àwọn onímọ̀ ìṣègùn láti Yunifásítì Ìbàdàn àti láti ìlú Indianapolis ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ ìwádìí kan ní àdúgbò Ìdíkàn ní Ìbàdàn. Wọ́n ń wọ ilé kan bọ́ sí òmíràn, wọ́n ń bá àwọn àgbàlagbà tó ti pé ọdún 65 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sọ̀rọ̀, wọ́n ń dán ìrántí wọn wò, wọ́n sì ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú ní Indianapolis. Nígbà tí èsì jáde ní ọdún 2001, lẹ́yìn tí wọ́n ti tẹ̀lé Yorùbá 2,459 àti aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà 2,147 fún nǹkan bí ọdún 5, ó hàn pé nínú 100 àgbàlagbà, iye àwọn tí àrùn ìgbàgbé ń ṣẹ̀ṣẹ̀ mú lọ́dọọdún jẹ́ 1.35 ní Ìbàdàn, nígbà tí ó jẹ́ 3.24 ní Indianapolis. Ohun tó fa ìyàtọ̀ yìí ni onímọ̀ ìtànkálẹ̀ àrùn (epidemiology ní èdè Gẹ̀ẹ́sì) máa ń wá kiri: ṣé oúnjẹ ni, ṣé ẹ̀jẹ̀ ríru ni, ṣé àjogúnbá ni, àbí ọ̀nà tí a gbà bi àwọn àgbà ní ìbéèrè ni kò bára mu?

Mo fi ìwádìí yìí ṣíde nítorí pé iṣẹ́ méjì ló wà nínú rẹ̀. Iṣẹ́ kìíní ni ti ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn, tó mọ bí a ṣe ń kí ìyá àgbà kí ó tó gbà láti dáhùn, tó sì mọ̀ pé ẹni tí kò mọ ọjọ́ ìbí rẹ̀ lè fi ìgbà tí ọba kan wàjà tàbí ìgbà tí wọ́n la ojú ọ̀nà kan ṣírò ọjọ́ orí ara rẹ̀. Iṣẹ́ kejì ni ti ẹni tó jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, tó ń ṣe ìṣirò tí yóò fi mọ̀ bóyá ìyàtọ̀ tí a rí dúró lórí nǹkan tàbí ó kàn ṣèèṣì bẹ́ẹ̀ ni. Ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ló ní èyí tó fi ṣe olórí nínú méjèèjì. Nítorí náà, kí akẹ́kọ̀ọ́ tó béèrè ilé-ẹ̀kọ́ tó lórúkọ jù, ó yẹ kí ó kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ léèrè èwo nínú iṣẹ́ méjèèjì ni ọwọ́ rẹ̀ kò tíì ká. Ìbéèrè yìí ni n óò fi wọn àwọn ọ̀nà tó wà níwájú wa.

MSc tàbí MPH

Oyè méjì ni àwọn ilé-ẹ̀kọ́ sábà máa ń gbé síwájú ẹni tó fẹ́ ka másításì. MSc, tí àwọn kan ní Amẹ́ríkà ń pè ní MS tàbí ScM, jẹ́ oyè ìwádìí. Ìṣirò pọ̀ nínú rẹ̀, ó sì sábà máa ń parí pẹ̀lú iṣẹ́ àpilẹ̀kọ tó jinlẹ̀. MPH, ìyẹn másításì nínú ìlera gbogbogbò, gbòòrò ju bẹ́ẹ̀ lọ: akẹ́kọ̀ọ́ yóò kọ́ nípa ìṣàkóso ètò ìlera, ìhùwàsí ènìyàn àti ìlera àyíká, yóò sì wá yan ìmọ̀ ìtànkálẹ̀ àrùn gẹ́gẹ́ bí ẹ̀ka tí yóò gbájú mọ́. Ní Amẹ́ríkà, àjọ CEPH tó ń fọwọ́ sí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ìlera gbogbogbò kò gbà kí MPH kéré sí kírẹ́díìtì 42, ó sì sọ ọ́ di dandan kí akẹ́kọ̀ọ́ fi ohun tó kọ́ ṣiṣẹ́ níbi iṣẹ́ gidi kí ó tó gboyè.

Ẹni tó ní i lọ́kàn láti di ọ̀mọ̀wé lọ́jọ́ iwájú, MSc ló tààrà fún un. Ẹni tó ti ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ ètò ìlera ìpínlẹ̀ tàbí ní àjọ kan, tí ó sì fẹ́ máa darí ètò abẹ́rẹ́ àjẹsára tàbí ti ibà, MPH yóò wúlò fún un jù. Síbẹ̀, ẹ má ṣe gba orúkọ oyè gbọ́ lásán. Mo ti rí MPH tí ìṣirò inú rẹ̀ le ju ti MSc ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn lọ. Orúkọ kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan àti wákàtí tí wọ́n fún un ni ó yẹ kí a kà. Fún àwọn dókítà, ọ̀nà kẹta wà, ìyẹn ìdánilẹ́kọ̀ọ́ akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ nínú ìlera àwùjọ lábẹ́ West African College of Physicians tàbí National Postgraduate Medical College. Ọ̀nà yìí gùn, ilé ìwòsàn ni ènìyàn ti ń gbà owó oṣù nígbà tó ń kẹ́kọ̀ọ́, kò sì ṣí sílẹ̀ fún ẹni tí kì í ṣe dókítà.

Ìbàdàn níwájú London

Bí a bá gbé Ìbàdàn àti London sórí òṣùwọ̀n kan náà, ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò rò pé London ti tẹ̀wọ̀n jù kí a tó gbé e sókè. Ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀ pátápátá.

London School of Hygiene and Tropical Medicine ti wà láti ọdún 1899. Níbẹ̀ ni Austin Bradford Hill, onímọ̀ ìṣirò ìṣègùn, ti ṣiṣẹ́, òun ni ó sì bá Richard Doll ṣe ìwádìí ọdún 1950 tó fi hàn pé sìgá mímu bá àrùn jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró tan. MSc ibẹ̀ jẹ́ oṣù 12 fún ẹni tó bá fi gbogbo àkókò rẹ̀ kà á: ìpìlẹ̀ ìmọ̀ ìtànkálẹ̀ àrùn àti ìṣirò ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, àwọn kọ́ọ̀sì tí akẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀ yàn yóò tẹ̀lé e, iṣẹ́ àpilẹ̀kọ yóò sì gba oṣù ìkẹyìn. Agbára London wà nínú ìṣirò yìí. Ẹni tó bá jáde níbẹ̀ yóò lè lo Stata tàbí R, àwọn ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ṣe ìṣirò, láìbẹ̀rù, yóò sì mọ ìdí tí ó fi yan ìṣirò kan tí ó sì fi òmíràn sílẹ̀. Àléébù rẹ̀ ni pé oṣù díẹ̀ kò tó fún ẹnikẹ́ni láti lọ kó dátà tirẹ̀ jọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Dátà tí ẹlòmíràn ti kó ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ máa ń lò, ẹni tí kò bá sì tíì kan ilẹ̀kùn rí ṣáájú lè parí másításì láìmọ bí dátà ṣe ń bàjẹ́ láti ẹnu ọ̀nà.

Ní Ìbàdàn, ẹ̀ka tó ń bójú tó ìmọ̀ ìtànkálẹ̀ àrùn àti ìṣirò ìṣègùn wà lábẹ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì ìṣègùn tó so mọ́ ilé ìwòsàn ńlá UCH, àwọn ènìyàn tí a ń ṣèwádìí nípa wọn kò sì jìnnà. Láti ọdún 1963 ni yunifásítì náà ti ń rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn lọ gbé ní Igbó-Ọrà lábẹ́ ètò ìlera àwùjọ Ìbàràpá, kí wọ́n lè mọ àìsàn níbi tí ó ti ń ṣẹ̀ kí ó tó dé ilé ìwòsàn. Àwọn ìbejì Igbó-Ọrà tí gbogbo ayé ń sọ nípa wọn lónìí, Percy Nylander tó ń ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn ti ń ka iye wọn láàárín àwọn ọdún 1960 sí 1970, ó sì rí i pé ó tó 45 nínú ìgbẹ̀bí 1,000 ní apá ibẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí àpẹẹrẹ kan, nítorí pé òun ló fi hàn jù lọ ohun tí a ń lọ kọ́. Ní àwọn ọdún 1960, Dókítà Benjamin Osuntokun ti Ìbàdàn ṣèwádìí nípa àìsàn kan tó ń mú kí ẹsẹ̀ kú tipiri, kí ojú di bàìbàì, kí etí sì di, pàápàá ní agbègbè Ẹ̀pẹ́. Ó rí i pé gààrí àti fùfú ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ní in ń jẹ ní gbogbo ìgbà, àmì májèlé inú ẹ̀gẹ́ sì pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ wọn. Ó dà bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ti parí. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń jẹ ẹ̀gẹ́ láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́ sábà jẹ́ tálákà, tálákà kì í sì rí ẹran àti ẹja jẹ dáadáa. Ṣé ohun tó ń jẹ ni ó ń pa á lára, àbí ohun tí kò rí jẹ? Lẹ́yìn ọdún púpọ̀, àwọn olùwádìí mìíràn rí àwùjọ kan tí májèlé ẹ̀gẹ́ ń wọ ara wọn gan-an, tí àìsàn náà kò sì pọ̀ láàárín wọn. Ohun kẹta tó fara pamọ́ sẹ́yìn ohun méjì, tó ń mú kí a di ẹ̀sùn ru ẹni tí kò jẹ̀bi, ni ọ̀tá tó tóbi jù fún iṣẹ́ yìí. London yóò kọ́ yín bí a ṣe ń fi ìṣirò yọ ọ́ kúrò. Ìbàdàn yóò mú yín dé Ẹ̀pẹ́, níbi tí ẹ óò ti rí i pé kò sí ẹni tó béèrè iye ẹja tí ìdílé ń jẹ, nítorí náà kò sí ohun tí ìṣirò lè fi ṣiṣẹ́. Mo ka ìmọ̀ kejì yìí sí pàtàkì ju bí ọ̀pọ̀ ìwé ìpolówó ilé-ẹ̀kọ́ ṣe kà á sí lọ.

Ohun tó ń dun Ìbàdàn, àti gbogbo yunifásítì ìjọba Nàìjíríà, ni àkókò. Ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ gba nǹkan bí oṣù 9 ní ọdún 2020, ó sì gba oṣù 8 ní ọdún 2022. Másításì tí a pè ní ọdún kan ààbọ̀ lè di ọdún mẹ́ta. Ẹni tí àyè tí wọ́n fún un níbi iṣẹ́ ní ọjọ́ tí yóò parí gbọ́dọ̀ fi èyí kún ìṣirò rẹ̀.

Kíláàsì níwájú pápá

Ọ̀nà kan wà tí àwọn ènìyàn kò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀, tí mo sì gbà pé kò sí ohun tó dà bí i rẹ̀ fún ẹni tí iṣẹ́ ìjọba wù. Òun ni Nigeria Field Epidemiology and Laboratory Training Programme, tí a bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2008 pẹ̀lú Yunifásítì Ìbàdàn àti Yunifásítì Ahmadu Bello ní Zaria. Ọdún 2 ni ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àgbà rẹ̀. Nǹkan bí ìdá mẹ́rin kan àkókò náà ni kíláàsì, pápá ni ìdá mẹ́ta tó kù. Ìrandíran àwọn ètò báyìí ní gbogbo ayé ti ọ̀dọ̀ Epidemic Intelligence Service wá, tí Alexander Langmuir dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1951. Dókítà, onímọ̀ yàrá àyẹ̀wò àti dókítà ẹranko ni wọ́n jọ máa ń jókòó pọ̀ níbẹ̀, èyí tó bá ọgbọ́n mu, nítorí pé ibà Lassa kò mọ ààlà tó wà láàárín eku àti ènìyàn.

Ọjọ́ tí iṣẹ́ wọn hàn gbangba ni ìgbà tí Ebola wọ Èkó ní oṣù keje ọdún 2014. Arìnrìn-àjò kan ṣoṣo ló gbé e dé. Bí Dókítà Ameyo Adadevoh àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò bá kọ̀ láti jẹ́ kí ó kúrò ní ilé ìwòsàn, a kò lè sọ ibi tí ọ̀rọ̀ ì bá parí sí. Lẹ́yìn ìyẹn, àwọn tó gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí wà lára àwọn tó bọ́ sí ìgboro: ènìyàn 894 tó fara kan àwọn aláìsàn ni wọ́n tọpasẹ̀ wọn, wọ́n sì ń lọ yẹ̀ wọ́n wò lójoojúmọ́ fún ọjọ́ 21, tí ìbẹ̀wò náà fi lé ní 18,000 lápapọ̀. Ènìyàn 20 ni àrùn náà mú, 8 ló kú, Dókítà Adadevoh sì wà lára wọn. Ní ọjọ́ 20 oṣù kẹwàá ọdún yẹn ni Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé Nàìjíríà ti bọ́. Kò sí ìṣirò ńlá kankan nínú iṣẹ́ yìí. Kíkà, kíkọ sílẹ̀, ẹsẹ̀ rírìn àti sùúrù ni.

Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe lọ sí pápá pẹ̀lú èrò pé ẹ óò jáde gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá ìṣirò; wọn kò ṣètò rẹ̀ fún bẹ́ẹ̀. Owó tó ń gbé e ró pẹ̀lú, púpọ̀ nínú rẹ̀ ti ọ̀dọ̀ ìjọba Amẹ́ríkà wá tẹ́lẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni tó fi iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí rẹ̀, kí ó béèrè ohun tí ètò náà ń san lọ́wọ́lọ́wọ́ àti ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀ yóò san. Fún òṣìṣẹ́ ìlera ìjọba ìbílẹ̀ tí kò lè fi ilé sílẹ̀ fún ọdún 2, ìpele oṣù mẹ́ta àti ti oṣù mẹ́sàn-án wà, wọn kì í sì í kúrò lẹ́nu iṣẹ́ fún un.

Amẹ́ríkà

Ní Amẹ́ríkà, MPH sábà máa ń gba ọdún 2, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ti Yunifásítì Johns Hopkins lè parí láàárín ọdún kan. Johns Hopkins yìí ni ó kọ́kọ́ dá ilé-ẹ̀kọ́ irú èyí sílẹ̀ níbẹ̀ ní ọdún 1916. Yunifásítì Emory wà ní Àtlántà, ẹ̀gbẹ́ CDC, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń dènà àrùn, gan-an ni ó wà, akẹ́kọ̀ọ́ sì lè máa fẹsẹ̀ rìn láti kíláàsì dé ibi iṣẹ́. Ọdún kejì yìí ni àǹfààní tí Amẹ́ríkà fi ju London lọ: àkókò wà láti ṣiṣẹ́ lábẹ́ olùwádìí kan, kí olùwádìí náà lè mọ akẹ́kọ̀ọ́ dáadáa, kí ó sì kọ lẹ́tà ìjẹ́rìí tó ní ìtumọ̀ fún un. Àléébù rẹ̀ ni pé owó ọdún 2 ni ènìyàn yóò san.

Ohun kékeré kan wà níbẹ̀ tó ń dá ọ̀ràn ńlá sílẹ̀. Oyè tí ilé-ẹ̀kọ́ fi sí abẹ́ nọ́ńbà 26.1309, ìyẹn ìmọ̀ ìtànkálẹ̀ àrùn, nínú àkójọ ẹ̀kọ́ ìjọba wọn wà lára àwọn ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì tí akẹ́kọ̀ọ́ òkèèrè lè fi béèrè fún àfikún àkókò iṣẹ́ lẹ́yìn ẹ̀kọ́. MPH tí orúkọ rẹ̀ jọ ọ́, ṣùgbọ́n tí wọ́n fi sí abẹ́ nọ́ńbà ìlera gbogbogbò, lè má fún un ní àǹfààní yẹn. Ẹ béèrè nọ́ńbà náà lọ́wọ́ ilé-ẹ̀kọ́ kí ẹ tó gba ààyè, kí ẹ sì wádìí òfin físà tó wà lójú iṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ tí ẹ fẹ́ fi ìwé ránṣẹ́, nítorí pé ó ń yí padà.

Láti ilé, àti ní èdè Faransé

London kan náà ń kọ́ni ní MSc ìmọ̀ ìtànkálẹ̀ àrùn láti ọ̀nà jíjìn, ènìyàn sì lè fi tó ọdún 5 kà á. Owó rẹ̀ kéré púpọ̀ sí ti ẹni tó lọ jókòó níbẹ̀, kò nílò físà, kò sì ní kí ènìyàn fi iṣẹ́ sílẹ̀. Fún ẹni tó ti wà ní pápá tẹ́lẹ̀, tí dátà wà lọ́wọ́ rẹ̀, tí ìṣirò nìkan ló kù ú kù, kò sí ọ̀nà tó bá a mu ju èyí lọ. Iná mànàmáná, íntánẹ́ẹ̀tì àti ìdánìkanwà ni ọ̀tá rẹ̀. Ẹni tí kò lè bá ara rẹ̀ wí, ọdún karùn-ún yóò bá a ní kọ́ọ̀sì kẹta.

Àwọn ará wa ní Kétu, Ṣábẹ̀ẹ́ tàbí Àtàkpàmé tí wọ́n fi èdè Faransé kàwé kò ní láti dojú kọ èdè Gẹ̀ẹ́sì kí wọ́n tó kọ́ iṣẹ́ yìí. Institut Régional de Santé Publique wà ní Ouidah ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀. Orúkọ Comlan Alfred Quenum, ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó darí ẹ̀ka Áfíríkà fún Àjọ Ìlera Àgbáyé, ni wọ́n fi pè é, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì ń wá síbẹ̀ láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ tó ń sọ Faransé.

Owó

Owó ni kẹ̀kẹ́ ìhìnrere, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìfiwéra sì ti ń parí. Owó ilé-ẹ̀kọ́ nìkan kọ́ ni London. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń lọ sí Bìrìtìkó yóò tún san owó ìlera £776 fún ọdún kan pẹ̀lú físà rẹ̀, láti oṣù kìíní ọdún 2024 sì ni ẹni tó ń ka másításì tí a fi kíláàsì ṣe kò ti lè mú ọkọ, aya tàbí ọmọ dání mọ́. Fún ìyá ọmọ tàbí bàbá ọmọ, òfin yìí nìkan ti tó láti mú kí ẹ̀kọ́ láti ọ̀nà jíjìn tàbí Ìbàdàn tẹ̀wọ̀n jù.

Chevening, ẹ̀bùn ẹ̀kọ́ ìjọba Bìrìtìkó, máa ń san gbogbo owó ọdún kan níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń béèrè ìrírí iṣẹ́ ọdún 2, ẹni tó bá sì gbà á gbọ́dọ̀ padà sílé fún ó kéré tán ọdún 2. Commonwealth Scholarship ní ti àwọn tó ń lọ, ó sì ní ti àwọn tó ń kà láti ilé. Fún oyè ọ̀mọ̀wé, ọ̀rọ̀ náà yí padà: ní Amẹ́ríkà, àwọn ilé-ẹ̀kọ́ kan máa ń san owó ẹ̀kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ PhD, wọ́n sì máa ń fún un ní owó ìgbọ́bùkátà, nítorí náà ẹni tí másításì rẹ̀ dára lè kọjá síbẹ̀ láìní owó lọ́wọ́. Nílé, ètò CARTA, ẹgbẹ́ àwọn yunifásítì Áfíríkà tó ń kọ́ olùwádìí, tí Yunifásítì Ìbàdàn àti Obafemi Awolowo wà lára àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀, ti ran ọ̀pọ̀ olùkọ́ yunifásítì lọ́wọ́ láti gboyè ọ̀mọ̀wé láìkúrò ní Áfíríkà.

Bí n óò ṣe yàn

Bí ó bá jẹ́ nọ́ọ̀sì tó ti fi ọdún mẹ́wàá ṣiṣẹ́ ní ìjọba ìbílẹ̀ ló béèrè lọ́wọ́ mi, n óò ní kí ó kà á láti ọ̀nà jíjìn, nítorí pé pápá kò ṣe àjèjì sí i. Bí ó bá jẹ́ ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gboyè nínú ìmọ̀ ìṣirò, tí kọ̀ǹpútà jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀, Ìbàdàn ni n óò kọ́kọ́ rán an lọ, bí inú rẹ̀ kò tilẹ̀ dùn sí i, kí ó lè mọ ibi tí nọ́ńbà ti ń wá kí ó tó lọ sókè òkun fún PhD. Dókítà ẹranko ní Ọ̀yọ́ tí àrùn adìyẹ àti ti màlúù ń jẹ lọ́kàn, pápá ni tirẹ̀. Ẹni tó ti ṣiṣẹ́ pápá dáadáa, tí kò sì ní ìdílé tí yóò fi sílẹ̀, tí Chevening bá ti gbà, kí ó máa lọ sí London.

Ilé-ẹ̀kọ́ yòówù kí ẹ mú, ẹ kọ lẹ́tà sí ẹ̀ka náà kí ẹ tó san owó ìforúkọsílẹ̀, kí ẹ béèrè àkọlé iṣẹ́ àpilẹ̀kọ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọdún méjì sẹ́yìn kọ, ibi tí dátà wọn ti wá, àti iye oṣù tí ìgbìmọ̀ tó ń fọwọ́ sí ìwádìí lórí ènìyàn fi dá wọn lóhùn. Èsì tí wọ́n bá fún yín, àti iye ọjọ́ tí wọ́n fi dáhùn, yóò sọ irú ibi tí ẹ ń lọ ju ìwé ìpolówó lọ.